Fèrèsé Kámẹ́rà àti Ojú Alhaja

Ọjọ́ tí Rùkáyátù wá béèrè ojú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi ni mo pa irọ́ tó burú jù lọ nínú gbogbo ọdún tí mo fi ya fọ́tò ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa. N ó sọ bó ṣe rí, n kò sì ní gbèjà ara mi.

Kámẹ́rà méjì ni mo ní nígbà tí fíìmù ṣì lóde. A ń pe ọ̀kan ní onídígí, nítorí dígí kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí wá bá ojú rẹ. Ohun tó bá máa ṣe bàìbàì nínú fọ́tò, bàìbàì náà ni wàá ti rí i. Èkejì ni onífèrèsé. Fèrèsé kékeré kan là ń gbà wòde lára tirẹ̀, kò sì bá lẹ́ǹsì tan rárá. Ẹni iwájú, ẹni ẹ̀yìn, gbogbo wọn ló máa mọ́ kedere lójú rẹ. Ìgbà tí o bá fọ fíìmù tán lo tó máa mọ ẹni tó sọnù. Ọ̀gá mi, bàbá Ọ̀fà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, a máa sọ pé ọ̀rẹ́ tí ń yinni lójú ni onífèrèsé. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n mọ ohun tó ń pa mọ́.

Alhaja, ìyá Rùkáyátù, kì í ya fọ́tò. Àdúgbò Fagge, láàrin àwọn Hausa, ló ti dàgbà, kò sì sí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo láyé. Nígbà tí nìkáhù, ìgbéyàwó Rùkáyátù, dé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, ṣùgbọ́n ó ní obìnrin ni kó ya òun, kí wọ́n má tan iná kámẹ́rà sí òun lójú, kí ariwo má sì sí. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ládùúgbò wa. Onídígí mi a máa dún gbà bí ẹni gbá ilẹ̀kùn, nítorí náà onífèrèsé ni mo gbé lọ.

Mo ní kí Alhaja jókòó ti Rùkáyátù, ìyàwó, tó wà lórí àga. Ó kọ̀.

"Ẹ̀yìn ọmọ ni ìyá ń wà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n dúró lẹ́yìn ọmọ mi."

Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ó ṣí ìbòjú, ó rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ wí? Ọ̀rọ̀ àdúrà ni, ta ló ń bá ìyá jiyàn lé e lórí? Yàrá ṣókùnkùn, mo sì ṣí ihò lẹ́ǹsì gbàgàdà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bí ihò bá ṣe fẹ̀ tó ni ohun tó wà lẹ́yìn ṣe ń ṣe bàìbàì tó. Mo mọ èyí dunjú. Ṣùgbọ́n mo wo fèrèsé, mo rí Alhaja kedere, àní mo rí èjí eyín rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà, ó ti fa ìbòjú bo ojú.

Kí fíìmù náà tó tán nínú kámẹ́rà, ibà mú Alhaja. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo fọ̀ ọ́. Rùkáyátù mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹ̀rín.

Nígbà tí Rùkáyátù wá gba fọ́tò náà, ó gbé e lọ wò nínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e padà.

"Àǹtí, tèmi mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi tèmi ṣe? Màmá mi dà?"

Ojú tì mí láti jẹ́wọ́. Mo ní, "Alhaja ló mira. Ara wọn ń gbọ̀n nígbà tí mo yà wọ́n."

Ẹyin lohùn. Ó jókòó sílẹ̀.

"Wọ́n ń gbọ̀n? Ibà yẹn ti wà lára wọn nìyẹn. Wallahi, èmi wà lórí àga, Màmá mi wà lórí ìdúró."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Mo bá a sọkún dípò rẹ̀. Ẹkún mi kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n kò ṣe é ní àǹfààní kankan.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa báyìí. Fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ọwọ́ ara wọn mú kí ẹ̀yìn fọ́tò ṣe bàìbàì, wọ́n ní ó rẹwà. N kì í lè wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì kọ̀, kò jẹ́ kí n sinmi, títí mo fi wá Rùkáyátù lọ sí Yankaba, níbi tó ń gbé, ní ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn irọ́ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: fèrèsé, ihò lẹ́ǹsì, irọ́.

"Wọn ò gbọ̀n?"

"Wọn ò gbọ̀n. Wọ́n dúró ṣinṣin. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo wá dì í ru òkú."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í fi Hausa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Rùkáyátù kọjú sí mi.

"Ọdún mọ́kànlá, Àǹtí," ó ní, "gbogbo ìgbà tí mo bá kírun ni mò ń bẹ Màmá mi pé kí wọ́n má bínú pé mo jókòó."

Mo ní kó foríjì mí. Kò sọ pé òun foríjì mí, kò sì sọ pé òun ò foríjì mí. Nígbà tí mo dìde pé mò ń lọ, mo dúró díẹ̀, nítorí nílé Yorùbá, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ korò tó, a máa ń sin àgbà dé ẹnu ọ̀nà. Rùkáyátù kò dìde. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn.