Baba Oníbàálù àti Ìjókòó Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ tí gbogbo pápá bàálù mọ Baba Oníbàálù ni ọjọ́ tó tú ẹ́ńjìnì láàárín títì, níbi tí bàálù ń sá eré kó tó gbéra. Bàálù tirẹ̀ ò ju èrò méjì lọ, àlòkù ló rà á. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá, pé òun á gbé e lọ sókè, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ láti òkè. Lọ́jọ́ náà, Màmá múra. Ó wọ bàtà tuntun, ó di oúnjẹ sínú abọ́, ó gbé e lé itan. Ẹ́ńjìnì dún, bàálù ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú Màmá ń dùn ṣìnkìn. Àfi bí Baba ṣe na etí.

"O gbọ́ yẹn?"

"Kí ni?"

"Nǹkan kan ń dún kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́."

Kí Màmá tó la ẹnu, ọkọ rẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnì, ó ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti ṣí ìdérí, sípánà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bàálù mìíràn ń yí po lókè, ó fẹ́ balẹ̀. Ọkùnrin tó ń darí wọn láti inú ilé gogoro ń pariwo nínú rédíò: "Baba, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́!" Màmá ló dá a lóhùn, torí òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ó ti ń tú u."

Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó tì í kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí Màmá délé tó ṣí abọ́ ló rí ṣíbí tó ń gbá mọ́ etí abọ́.

"Bàbá wọn, ṣíbí ni o! Ṣíbí ló ń dún!"

Baba ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó lè jẹ́ ṣíbí. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan mìíràn níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ẹ́ńjìnì fi wà nílẹ̀.

Ká má parọ́, ọkùnrin náà máa ń sú èèyàn. Òfin ni pé lọ́dọọdún, ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ wá yẹ bàálù wò, kó fọwọ́ sí ìwé pé ó yẹ láti fò. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ nǹkan kan lẹ́yìn tó fọwọ́ sí i, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ máa tún un pè. Ọ̀gá Ayẹ̀wò yìí ò lè ka iye ìgbà tí Baba ti pè é. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ sí ìwé tán, ó di Baba léjìká mú.

"Baba, ó ti dáa. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn máa wà á."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi."

Ọ̀gá Ayẹ̀wò ò tíì dé géètì tí Baba ti mú téèpù, tó ń wọn ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí Màmá máa ń jókòó sí. Tìmùtìmù ibẹ̀ ló ní ó le jù. Nígbà tọ́sẹ̀ máa fi parí, ìjókòó ti jáde, ìwé ti bàjẹ́. Ọ̀gá Ayẹ̀wò padà wá, ó wo bàálù, ó wo Baba, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ńkọ́? Bàálù kékeré kì í gba ẹrù tó bá wuni, gbogbo ohun tó bá máa wọ inú ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Baba gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná Màmá lọ wọn síkúrù, ọjọ́ tó sì dá a padà, òórùn òróró ẹ́ńjìnì ni búrẹ́dì tí Màmá yan ń rùn lọ́sẹ̀ náà. Ó tún ra rédíò tuntun, rédíò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá ń wá ohun tí wọ́n máa dín kù. Ojú rẹ̀ bá bàtà Màmá.

"Bàtà yẹn, kíló mélòó ni?"

"Bàbá wọn, ẹ má dán an wò o."

Ó dán an wò, ó gbé bàtà náà sórí òṣùwọ̀n. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Baba jáde láti balùwẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n tó ti ń dá láti ìgbà ọ̀dọ́, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ẹyin. "Mo ti dín in kù lára tèmi," ló wí. Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ìgbà tó yá ló wá mọ̀ pé ẹkún gidi lòun ń sun, torí ọdún mìíràn ti tún lọ, òun ò tíì kúrò nílẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀. Tí Màmá bá ti múra, nǹkan á ti bàjẹ́. Nígbẹ̀yìn, kò múra mọ́. Tí Baba bá ní, "Ó ku díẹ̀," á ní, "Ẹ kú iṣẹ́," á yíjú sí ògiri. Ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ó gbà pé òun fẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn irin ju òun lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Baba dé ọsibítù. Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní táyà bẹ́ẹ̀dì náà ò dọ́gba, kí wọ́n bá òun wá sípánà. Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi. Ó sinmi lóòótọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kú, Màmá sì délé bá téèpù ìwọ̀n lórí ìrọ̀rí.

Kò pẹ́ tí wọ́n kọ̀wé láti pápá pé kí Màmá gbé bàálù kúrò. Obìnrin kan tó ń kọ́ èèyàn ní bàálù wíwà fẹ́ rà á. Mẹkáníìkì tó ti ń bá Baba ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ tò ó pọ̀, Ọ̀gá Ayẹ̀wò fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó tún un tú. Màmá wá fọwọ́ sí ìwé títà. Ó dúró ti nǹkan náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ọdún mẹ́wàá. Kò fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ó fò."

"Ta ló gbé e fò?"

"Baba ni. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé báyìí, á gbé e fò láàárọ̀, òun nìkan, kó tó tún un tú."

"Irọ́ ni!"

Ó ṣí ìwé ìrìnnà bàálù hàn án, níbi tí wọ́n ń kọ gbogbo ìgbà tó bá gbéra sí. Ọwọ́ ìkọ̀wé Baba ló kún inú ẹ̀, ojú ewé lórí ojú ewé. Màmá já ìwé náà gbà. "Ó gbé e fò! Mò ń wọṣọ, mò ń bọ́ṣọ bí aṣiwèrè, òun ń fò kiri!" Ó fi báàgì gbá bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ wá bá mi wíjọ́! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Màmá, mo bi í," ni mẹkáníìkì wí. "Ó ní bí bàálù bá já pẹ̀lú òun, òun nìkan ló já. Ó ní tó bá ti di pé ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, ọwọ́ òun á máa gbọ̀n, òun á máa gbọ́ oríṣiríṣi ìró. Ẹ wo inú ẹ̀."

Màmá yọjú wo inú ẹ̀. Ìjókòó ọwọ́ òsì, tí Baba ń jókòó sí, ti ya, okùn ló fi so ó. Ti ọwọ́ ọ̀tún tuntun ni, tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ nípọn ní ìlọ́po méjì. Mẹkáníìkì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn.

Màmá fọwọ́ tẹ tìmùtìmù náà wò. "Ojo," ló wí nígbẹ̀yìn, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ojo ni ọkùnrin yìí. Èmi ò mọ̀."

Ó kọjú sí obìnrin tó ra bàálù, tó dúró nítòsí. "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ gbé mi yí ká lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀rù ò ní bà yín, Màmá?"

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nítorí mi ti lọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún, tó jókòó, tó di bẹ́líìtì. Nígbà tí ilẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀, tí àwọn òrùlé ń kéré sí i nísàlẹ̀, Màmá gbé ojú sí fèrèsé kí obìnrin náà má baà rí omijé rẹ̀.

"Bàbá wọn," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ ò bá ti gbé mi. Ǹ bá di ọwọ́ yín mú."