Erùpẹ̀ Òkè Mamayev

Ìdì aṣọ kékeré kan ni àwọn aṣọ́bodè pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà torí ẹ̀ pè mí wọlé. Òwú dúdú ni wọ́n fi dì í, ẹ̀rọ sì ti fi hàn pé irin wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí. Oògùn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohun kan náà ni ọ̀gá aṣọ́bodè rò.

"Sihr nìyí," ó ní. Oògùn ìkà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn ńlá sì ni níbí.

Màmá Zulfiya ló ni ìdì náà, arúgbó tó lé lọ́gọ́rin ọdún, tó wá ṣe úmúrà láti Volgograd ní Rọ́ṣíà. Ìlú yẹn ni mo ti kàwé gboyè. Ìdí nìyẹn tí Àlàájì Múfú, tó ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sílé ní àdúgbò Al-Baghdadiyah ní Jẹ́dà, fi gbà mí ní ògbufọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ògbufọ̀ kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọlọ́bẹ̀." Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pè é lórí fóònù, mo ròyìn fún un.

"Sọ fún wọn pé àgbo ikọ́ ni!"

"Àlàájì, iyọ̀ tẹ́ ẹ ní n má fi sọ́bẹ̀ ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, aṣọ́bodè ò sí níbẹ̀! Wọ́n á dá màmá yẹn padà o!"

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Erùpẹ̀ Òkè Mamayev ìlú wa, níbi tí bàbá mi kú sí lójú ogun, ni. Inú ìyá mi ni mo wà nígbà tó lọ. Kò ní sàréè. Mo fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ mímọ́ yìí. Sọ fún un pé o mọ bàbá mi!"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá aṣọ́bodè tẹjú mọ́ mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Èmi ló ń bi, kì í ṣe màmá. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tèmi nìyí, kì í ṣe tiwọn. Mo mọ Òkè Mamayev. Ère obìnrin gàgàrà kan wà lórí rẹ̀ tó na idà sókè. Gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tí orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kejì kún ara ògiri rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní lẹ́yìn ogun, irin pọ̀ nínú ilẹ̀ débi pé koríko kò hù. N kò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí àfọ́kù irin ogun tí ọ̀gbàrà hú jáde níbẹ̀. Bàbá wọn, n kò mọ̀ ọ́n."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún màmá pẹ̀lú. Ó pòṣé. "Gbogbo ìwé tó kà yìí, kò lè sọ pé òun mọ bàbá mi!"

"Kó tú u," ni ọ̀gá wí.

Màmá tú u fúnra rẹ̀: erùpẹ̀ ni, pẹ̀lú àfọ́kù irin díẹ̀. Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò ra erùpẹ̀ náà. "Ilẹ̀ lásán ni. Kò lè wọlé, àmọ́ kí màmá máa lọ. Kó mú aṣọ rẹ̀." Ó tún bi mí ní orúkọ bàbá náà. Mo ní Ibrahim. Ó sọ gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n omijé kò jẹ́ kí màmá dúró kí n túmọ̀ rẹ̀.

Ní Mẹ́kà, lẹ́yìn tó ti ṣe úmúrà fún bàbá rẹ̀, ó pè mí sọ́dọ̀ ní ilé tí wọ́n wọ̀ sí ní àdúgbò Kudai.

"Orúkọ bàbá mi wà lára ògiri gbọ̀ngàn orí òkè yẹn," ó ní. "Àwọn èèyàn ń gbé òdòdó wá, wọ́n á dúró, wọ́n á lọ. Kí ni ọkùnrin ọjọ́ yẹn sọ nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀?"

"Ó ní kí Ọlọ́hun ṣàánú Ibrahim."

"Ìyẹn nìkan?"

Mo lè fi kún un. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n fi kún un.

"Ìyẹn nìkan, Màmá."

Ó ká aṣọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́," ó ní, "mo gbà pé ó sọ ọ́."