Ẹni Tí Wọn Kò Jẹ́ Ká Bi Léèrè

Òórùn òrí tó jóná ni mo fi ń rántí ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo gbé ìkòkò kaná lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣakí, mo ń ro ó, nígbà tí ariwo sọ lọ́nà ọjà pé wọ́n ti pa olórí àwọn agbésùnmọ̀mí tó wà nínú igbó ọba. Mo ju orógùn sílẹ̀, mo sáré jáde láìborí, èmi tí mo máa ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí ìborí. Mo jó láàárín àwọn obìnrin títí aṣọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já nídìí mi. Nígbà tí mo fi máa padà sílé, òrí ti di èédú. Mo tún fi rẹ́rìn-ín, mo ní sàráà nìyẹn.

Ìdí ayọ̀ mi kò jìnnà. Ọkọ mi ló máa ń bá mi ra èso ẹmi tí mo fi ń ṣe òrí láwọn abà tó wà lápá Àgọ́-Àrẹ. Lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn yìí dá òun àti ọkùnrin méjì mìíràn lọ́nà, wọ́n kó wọn wọgbó. A tọrọ, a tà, a san ohun tí wọ́n ní ká san. Àwọn méjì yẹn padà wálé, ọkọ mi kò bá wọn dé. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn mọ́, olórí wọn wá fà á lọ́wọ́ kọjá odò, òun nìkan ló sì padà. Wọn kò gbúròó ìbọn. Kò sẹ́ni tó bá wọn lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọkọ mi wọlẹ̀ sí, àfi ọkùnrin kan náà yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣépè fún un lórí ìrun márààrún. Mo lọ bá àfáà àdúgbò wa pé mo fẹ́ bọ́ sí tàkàbá, kí n jókòó ṣọ̀fọ̀ bí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé ó kú? Aya aláàyè lẹ ṣì jẹ́ títí a ó fi rí ẹlẹ́rìí." Bí mo ṣe wà nìyẹn, n kò ṣe adélébọ̀, n kò ṣe opó. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù. Nígbà tí mo wà lómidan, mo rò pé ìkà ló pa òwe náà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ọdẹ ni, kò sí ojú ọ̀nà tí kò mọ̀ nínú igbó náà. Nígbà tí ijó rọlẹ̀, ó wá jókòó sẹ́yìnkùlé mi, kò mu omi tí mo gbé fún un.

"Ìyàwó, ẹ̀mí mi ò gbé e mọ́," ló wí. "Èmi ni mo mú àwọn sójà débẹ̀. Wọ́n ní kí n fẹnu kan irin pé mi ò ní sọ, torí náà bá mi gbé e pamọ́. Àlùwàlá ni ọkùnrin náà ń ṣe létí odò. Ìbọn ò sí nítòsí ẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọn ì bá fi mú un. Mo bẹ ọ̀gá wọn pé kó jẹ́ kí n bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Ó ní àṣẹ òkè ni, wọn ò rán àwọn ní ìbéèrè. Ó ní ẹni tí àwọn bá mú dé kóòtù, inú igbó ló tún ń padà sí."

"Bàbá, báwo lẹ ṣe jìnnà sí i tó?"

"Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi omi yọ ẹnu."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n kó ọkọ mi lọ. Nígbà tó yá, mo ṣọkàn gírí, mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn sójà. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní ṣé wọ́n bá nǹkan ọkọ mi lọ́wọ́ olórí náà, ìbáà ṣe fìlà. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ọmọdé tí mo lè bí, gbé àga fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Màmá, a ò pa ẹnikẹ́ni. A ò lọ sígbó kankan."

Mo ní ṣebí gbogbo ìlú ló jó.

"Ẹ máa bá wọn jó, màmá. Ẹ ṣáà má bi wá ní nǹkan kan."

N kò ní purọ́, ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ ti là láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ ti padà sóko. Ọmọ ẹlòmíràn wà láàyè lónìí nítorí ìbọn yẹn. Bóyá òótọ́ ni ọ̀gá sójà tó wà létí odò sọ nípa kóòtù. Bóyá àwọn kan ló wà lókè tí kò fẹ́ kí ọkùnrin náà lanu dárúkọ ẹni tó ń bọ́ ọ. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ kò lè mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti jáde láyé, ìbúra rẹ̀ ti bá a lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Àfáà ní iye ọdún tí ẹ̀sìn ní kí aya ẹni tó sọnù fi dúró ti pé, kí n bọ́ sí tàkàbá. Mo ṣe é, mo sì parí rẹ̀, kò yí nǹkan kan padà nínú mi. Bí mo bá ń se òrí, àwọn obìnrin a máa kí mi pé Ọlọ́run bá mi gbẹ̀san. Mo máa ń ní àmín. Àdúrà mi gbà lóòótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ ibi tí ọkọ mi wà, èmi ni mo sì ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kí wọ́n bá mi pa á.