Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Fẹ́ Lé Wa Lọ

Abọ́ àti ike ni mo ń tà ní Petit Marché, ọjà kan ní Niamey lórílẹ̀-èdè Niger: garawa, agbada, fúláàsì, ṣíbí. Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní ọdún kẹta nílé ìwé girama, máa ń wá bá mi níbẹ̀ bí wọ́n bá jáde. Á jókòó sórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé, á jẹun, á sì sọ ohun tí wọ́n ṣe nílé ìwé fún mi. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò tíì ṣí ìdérí abọ́ oúnjẹ rẹ̀ tó fi sọ pé:

"Màámi, èmi ni mo máa sọ ní Ọjọ́bọ̀ pé kí àwọn àjèjì kúrò nílùú."

Mo bi í pé àwọn àjèjì wo.

"Àwa náà ni."

Ó ṣàlàyé fún mi. Olùkọ́ wọn tó ń kọ́ wọn ní ìtàn, Mèsíyè ni wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ ọkùnrin níbí, ti ṣètò àríyànjiyàn fún kíláàsì. Ìbéèrè tó gbé kalẹ̀ ni pé: ṣé ó yẹ kí àjèjì máa tajà nínú ọjà Niamey? Ó ní kí àwọn ọmọ onílùú gbèjà àjèjì, kí àwọn ọmọ àjèjì sì sọ pé kí wọ́n máa lọ. Ọmọ tèmi nìkan ni Yorùbá nínú wọn.

Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí, n kò ní purọ́. Lọ́dún tí wọ́n ti ẹnubodè Nàìjíríà pa, tí iná ìlú tó ń ti ibẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí lọ tí kì í tètè dé, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀ sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹ̀yin lẹ gé iná wa." Ó dé ilé, ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní ọwọ́ wa kò gùn tó wáyà iná. Mo wá kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì panu mọ́, nítorí ẹyin lọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo di báàgì kan, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá: ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbélùú wa, aṣọ méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọṣẹ, oògùn ibà. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi gan-an rò pé aṣọ tí mo fẹ́ fi ṣàánú ló wà nínú rẹ̀.

Èmi tí mo di irú báàgì bẹ́ẹ̀, ṣé mo máa jẹ́ kí ọmọ mi dìde láàárín kíláàsì kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n lé wa? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ rí olùkọ́ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Zarma kan, ẹ̀yà onílùú, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹfun pátákó wà ní apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó fún mi ní àga rẹ̀, òun jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ. Faransé ọjà ni Faransé mi, ṣùgbọ́n mo ka ìwé mẹ́wàá jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ bí a ṣe ń to ìbéèrè.

"Mèsíyè, ẹ dákun, ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ tó sọ kọrin bú u nígbà tí wọ́n bá jáde ńkọ́?"

"Ìyá, wọ́n ti ń kọ ọ́. Abẹ́ igi dongoyárò yẹn ni wọ́n ti ń kọ ọ́, níbi tí mi ò sí. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ níbi tí mo wà."

Mo ní bó bá sunkún ńkọ́. Ó ní òun máa dá a dúró. Mo ní báwo ló ṣe máa dá a dúró. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi òfin méjì tó kọ sí igun pátákó hàn mí. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbèjà agboolé ara rẹ̀. Èkejì, kí o tó dá ẹnì kejì lóhùn, ìwọ ni o máa kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní, "Ohun tí mo sọ nìyẹn." Bó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, o máa tún un sọ.

"Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ kí ó lè tún ọ̀rọ̀ sọ, kì í ráyè ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní.

"Ṣé ẹ ti dán an wò rí?"

Ó wo àjà. "Ẹ̀ẹ̀kan. Lórí ọ̀rọ̀ fífi ọmọbìnrin fọ́kọ ní kékeré. Ó gbóná, àmọ́ wọ́n jọ jáde ni." Ó wá fi kún un pé, "Ìyá, bí ẹ bá ní rárá, rárá náà ni. Kí ẹ ṣáà ti ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Bí mo ṣe gbé rárá náà sẹ́nu padà sọ́jà nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ dé lọ́sàn-án, ó dìde dúró níwájú àwọn garawa, ó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ra: "Àwọn àjèjì ti pọ̀ jù. Àwọn àjèjì ń pariwo."

Aládùúgbò mi, ìyá àgbà Zarma kan tó ń ta àlùbọ́sà, tí gbogbo wa ń pè ní Hájíyà, tí ọmọ mi sì ń pè ní Tántì, ìyẹn àǹtí lédè Faransé, gbé orí sókè. Ọmọ ti sọ fún un nípa iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Hausa lèmi àti ẹ̀ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ nírọ́ yìí? Ìyá rẹ nìkan ni mo mọ̀ tó ń pariwo. Àwọn yòókù jẹ́jẹ́ ni wọ́n."

"Hájíyà!"

"Dákẹ́, Báyárábìyá." Bí àwọn Hausa ṣe ń pe obìnrin Yorùbá nìyẹn, bó bá fẹ́ fi mí ṣeré ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Wọ́n fún ọmọ níṣẹ́, o ò fẹ́ kó ṣe é dáadáa. Ọmọ, ṣé òótọ́ lo fẹ́ kí n sọ?"

"Òótọ́ ni, Tántì."

Ó fi ìró nu ọwọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, àlùbọ́sà mi jókòó nínú ọkọ̀ níbẹ̀ títí omi fi ń kán lára rẹ̀. N kò bá ìyá rẹ jà. Ohun tó dùn mí kọ́ nìyẹn, wíwá tí ẹ wá kò sì dùn mí. Pé ẹ kì í tú ẹrù yín ni. Ìyá rẹ ti bá mi jókòó lábẹ́ ìbòji kan náà láti ìgbà tó ti ń pọ̀n ọ́. Ilé tí òun àti bàbá rẹ ń kọ́ sí ìlú yín lọ́hùn-ún, mo mọ iye yàrá rẹ̀. Bi í bóyá ó gbin igi kan síbí. Ó jókòó tì wá bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ta ló lè fẹ́ràn ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà ṣáá?"

Mo ń to abọ́ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ bínú, n kò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀, ó rọra ń ṣa ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà. "Tántì, ẹ ní kì í ṣe wíwá wa ló dùn yín. Ẹ ní a wá, àmọ́ ọkàn wa kò dé."

Hájíyà wò ó pẹ́. "Ohun tí mo sọ nìyẹn," ó ní.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ bi mí bóyá mo ti gbà. Mo ní kó jẹun ná. Kò bi mí mọ́, torí ó mọ̀ mí; n kò sì ránṣẹ́ rárá sí Mèsíyè.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi ọjà sílẹ̀ fún Hájíyà, mo mú ìgò omi tútù kan dání kí n lè rí ohun wí bí wọ́n bá bi mí, mo lọ dúró lábẹ́ dongoyárò tó kọjú sí kíláàsì wọn. Ohùn nìkan ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo ti sún dé ẹnu ọ̀nà wọn kí n tó mọ̀, àmọ́ mo dúró. Nígbà tí agogo dún, omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi jáde pẹ̀lú ọmọkùnrin ọjọ́ sí, ti ọ̀rọ̀ iná yẹn. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á.

"Bí mo ṣe sọ ọ́ kọ́ nìyẹn!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni! Ó yá, tún un sọ!"

Ọmọkùnrin náà rí mi, ojú tì í, ó kí mi, ó sì sá lọ. Àwa méjèèjì kọrí sọ́jà.

"Màámi, mo sọ ọ̀rọ̀ báàgì."

"Báàgì wo?"

"Tẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní ẹni tó bá gbé báàgì sẹ́yìn ilẹ̀kùn ti lọ tán, kó kúkú máa lọ."

Mo dúró sójú títì. Takisí kan fọn fèrè, mo fa ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

"Láti ìgbà tí ẹ ti dì í. Mo rí aṣọ mi nínú ẹ̀. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bó bá wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé a ò lọ lónìí."

Èmi rèé, mo rò pé báàgì yẹn ló ń ṣọ́ ọ, àṣé òun ló ń ṣọ́ báàgì. Mo bi í léèrè ohun tí ọmọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

"Ó kọ́kọ́ tún un sọ, kò gún. Ó tún un sọ títí. Ó wá ní ẹni tó gbé báàgì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní ṣé kì í ṣe àwọn onílùú ló dẹ́rù bà á? Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti dákẹ́."

"Mèsíyè ńkọ́?"

"Ó ń nu pátákó níbi tí kò sí nǹkan."

A kọ́kọ́ yà sílé, mo gbé báàgì náà jáde, mo tú u. Mo fa aṣọ ọmọ mi yọ, mo fi wọ̀n ọ́n láyà. Kò dé orúnkún. Apá rẹ̀ kò tilẹ̀ lè gba ọwọ́ aṣọ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Mo kó gbogbo aṣọ kúrò. Ìwé nìkan ni mo dá padà. N kò lè kó ìyẹn kúrò, n kò sì ní tan ara mi. Láti ìgbà náà, báàgì yẹn kò lè dá dúró mọ́. Bí a bá ti ṣílẹ̀kùn, á ṣubú.

Mo mú aṣọ ọmọ lọ sọ́jà fún ọmọ-ọmọ Hájíyà. Bó ṣe rí wa lókèèrè ló pariwo:

"Ẹ ò tíì lé ara yín lọ?"

"A ò rí mọ́tò," ọmọ mi dáhùn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Hájíyà, títí kan báàgì. Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó ní ìwé kì í wúwo, kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó wá dìde, ó gbé bùútà rẹ̀.

"Báyárábìyá, mò ń lọ kírun. Dúró ti àlùbọ́sà mi."