Ikọ́ Mi àti Lẹ́tà Kúárì

Mo ń ka lẹ́tà wa sókè fún àwọn obìnrin abúlé wa, lẹ́bàá Èrúwà, nígbà tí mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. N kò tíì ka ìlà kẹta tán tí èémí mi fi tán. Ikọ́ dé, mo tutọ́ sínú áńkáṣífù. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Kúárì tó ń fọ́ òkúta fún títì ni a kọ lẹ́tà náà sí. Orí àpáta wa ni a ti ń sá láfún. Wọ́n ti fọ́ ìdajì rẹ̀, eruku sì ń ba láfún wa jẹ́ lórí ìdajì tó kù; a ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa. Èmi nìkan ni mo dé ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín wa, nítorí náà èmi ni akọ̀wé.

"Ìyá Dúpẹ́, kọ ọ́ sí i," ni olórí wa, Ìyá Ràṣídì, wí. "Kọ ọ́ pé eruku wọn ti wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró."

Mo kọ ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́.

Ibà ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo rù. Ní ọsibítù, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí bẹ́ńṣì kí wọ́n tó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi tán, ìyẹn itọ́ kíki tó ń ti àyà wá. Dókítà ní ikọ́ ife ni. Kòkòrò ló ń fà á. Ènìyàn ló ń kó o ran ènìyàn. Mo béèrè nípa eruku.

"Eruku lè jẹ́ kó le sí i," ló wí, "ṣùgbọ́n eruku kì í bí kòkòrò."

Mo sọ ohun tí dókítà wí fún àwọn obìnrin, mo ní kí a yọ ọ̀rọ̀ eruku ẹ̀dọ̀fóró kúrò nínú lẹ́tà.

"Ta ló máa mọ̀?" ni Ìyá Ràṣídì wí. "Àbí kúárì ló máa wá yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò?"

"Bí wọ́n bá rí irọ́ kan níbẹ̀, Ìyá, wọ́n á ní irọ́ ni láfún wa náà."

Ó pòṣé. "Ìwé ló máa pa ọ́, kì í ṣe ikọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì fagi lé e, mo tún lẹ́tà náà kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan títẹ̀ka, àwọn méjì kò fẹ́ fọwọ́ kan ìwé tí mo mú lọ́wọ́. Ìyá Ràṣídì gbà á, ó tẹ̀ka. Ọ̀kan tẹ̀lé e. Èkejì lọ sílé.

Oṣù méjì ni mo fi gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, bí wọ́n ṣe ń wò ó nígbà náà. Abẹ́rẹ́ náà mú kí etí mi máa hó. Lẹ́yìn náà ni oògùn oníhóró, fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ara fúyẹ́. Mo dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ sì padà.

Nígbà tí aṣojú kúárì dé, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ni ikọ́ ife ń ṣe nínú wa. Ó ti gbọ́.

"Èmi ni," ni mo wí. "Kò sí nínú lẹ́tà."

Ó yẹ lẹ́tà wò, kò rí ọ̀rọ̀ ikọ́ níbẹ̀. A mú un lọ sórí àpáta. Wọ́n fi ìdajì tó kù sílẹ̀ fún wa. Eruku kò tíì dáwọ́ dúró.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ti mọ́, ṣùgbọ́n àpá wà lẹ́dọ̀fóró, ó sì tètè ń rẹ̀ mí. Mo dúpẹ́ fún ara yìí. Ìyà tirẹ̀ ti tó o; n kò ní tún fi í purọ́ mọ́ kúárì tàbí ẹnikẹ́ni.