Ẹni Tó Ń Kó Ajílẹ̀ Alákàn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ọkùnrin kan sì wà tó ń fi tiẹ̀ ṣọ́ gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alákàn. Bí ẹnìkan bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, á dáhùn, á wá máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló ń pa eléyìí lẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ àgbàdo ni, kò sì mọ ọ̀lẹ.

Lọ́dún kan, àgbàdo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwà tí kò yé e. Ó ra ajílẹ̀ funfun oníhóró, ó fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀ bí ẹni ń fọ́nkà fún adìẹ. Síbẹ̀, ewé ń pọ́n láti ṣóńṣó wọnú. Ó tún fọ́n òmíràn, pàbó. Ó gbà pé wọ́n ti fi iyọ̀ lú u, ló bá padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò níwájú olùtajà, ó tutọ́, ó tún tọ́ ọ wò.

Olùtajà ní, "Bàbá, ẹ dákun, ajílẹ̀ là ń tà níbí o, a ò ta èròjà ọbẹ̀."

Bó ṣe ń bọ̀ ni ojú rẹ̀ bá oko àbúrò rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Oko ẹ̀gbọ́n wà lókè, ti àbúrò wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi ààlà wọn, àgbàdo àbúrò dúdú minimini, bẹ́ẹ̀ Alákàn mọ̀ pé àbúrò òun ò ra ajílẹ̀ rárá lọ́dún yẹn.

Ó délé, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, mo ti mọ olè náà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ má sọ ọ́ síta o. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀, ẹnu onígbàjámọ̀ sì rèé, ó mú ju abẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Alákàn tún fọ́n ajílẹ̀, kò lọ sílé. Ó lúgọ sínú abà, ó gbé kùmọ̀ lé itan. Oòrùn mú ganrínganrín. Òórùn kan ń ti inú oko bọ̀, ó ń ta á nímú bí ìtọ̀. Ó ní wọ́n tún ti ń wá tọ̀ sóko òun. Nígbà tó yá, ojú ọ̀run ṣú, òjò sì dé bí ẹni tú u dànù. Inú òjò yẹn ló ti rí ẹnìkan tó ń gòkè bọ̀ láàárín àgbàdo, ọkọ́ lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ ni. Alákàn fò jáde, ó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Mo ti mú ẹ! Olè!"

"Ẹ̀gbọ́n, ta lolè?"

"Kí lo wá ṣe lóko mi?"

"Omi oko yín ló ń wó ebè mi, mo wá dí ojú ẹ̀ ni. Ẹ tiẹ̀ wolẹ̀ ná."

Alákàn wolẹ̀. Omi ń sáré gba àárín ẹsẹ̀ wọn, hóró funfun ń bá a yí lọ, wọ́n ń yọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n sì ń kọjá ààlà láìkí ẹnikẹ́ni. Ajílẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n láàárọ̀ ni. Ó ń wò ó bó ṣe ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ọrùn mi."

Ìgbà yẹn ló tó jù ú sílẹ̀.

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìfura kì í kú lọ́jọ́ kan. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ wá wo oko náà. Ó ní èyí tí òjò ò bá gbé lọ, oòrùn á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, òun ló ń rùn bí ìtọ̀ yẹn.

"Ẹ má fọ́n ọn mọ́, Bàbá. Ẹ gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, ẹ sin ín, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó. Ẹ má sì fún un ní gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọwọ́ kì í jẹ òkèlè àgbà. Díẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ìyókù nígbà tó bá dé orúnkún."

"Ta ló rán yín sí mi?"

"Ẹ dán an wò lápá kan, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Nígbà tó tún gbin àgbàdo, ó dán an wò lápá kan. Ó tiẹ̀ hú ihò bíi mélòó kan wò, bóyá ẹnìkan ti kó o lọ. Apá ibẹ̀ dúdú, ó yọmọ tó ki. Apá kejì tún pọ́n. Láti ìgbà náà, ó ń sin gbogbo rẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ sì jọ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má bàa rí ọ̀nà sáré.

Àbúrò ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Ìyàwó àbúrò ni kò lè fi ṣẹ̀rín, torí àwọn obìnrin ti ń pè é ní aya olè nídìí omi. Alákàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà tí èrò kún ibẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi ò jalè. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn." Ó wá kọjá sílé àbúrò náà, ó bẹ ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà fún un ní àga, ó fún un lómi.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ló wí. Ó ń kí i dáadáa lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwàdà tó máa ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀, ó pẹ́ gan-an kó tó padà sẹ́nu rẹ̀.