Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bùọ̀dá Àjàní

Òórùn ọ̀dà ọkọ̀ wọlé bá mi lánàá láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ẹ̀yìnkùlé, mo bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ kan wà lágbo ilé wa ní Igbó-Ọrà nígbà tí mo wà ní kékeré, aláwọ̀ ewé. Bùọ̀dá Àjàní ló ni ín, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà. Àìsàn mú un lọ, kò sì sẹ́ni tó wa ọkọ̀ náà mọ́. Àràárọ̀ ni ìyá àgbà, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, máa ń fi aṣọ tútù nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ. Adìyẹ kan ò gbọdọ̀ bà lé e.

Nígbà tí ìyá àgbà lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú Tápà tí kò jìnnà sí wa, ìjì ṣẹ́ ẹ̀ka máńgòrò lu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó tẹ̀ wọnú, ọ̀dà rẹ̀ bó. Bàbá mi di orí mú. "Ìyá ò gbọdọ̀ rí i báyìí. Yóò dà bíi pé Àjàní tún kú ni."

Wọ́n pe Bàbá Ràfíù, akunkọ̀, wá láti Ẹ̀rúwà. Nígbà tó na ilẹ̀kùn náà tán, bàbá mi ṣí búùtù, ó fi ibi tí oòrùn kò dé hàn án, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì dúdú minimini. "Èyí ni kí ẹ fi wò."

Bàbá Ràfíù rẹ́rìn-ín. "Bàbá Táyé, ṣé inú búùtù ni ìyá yín ń nù?"

Ó po ọ̀dà, ó bu funfun díẹ̀ sí i kí ó lè ṣá bíi ti ara ọkọ̀, ó kùn ún sára páànù, ó sá a sóòrùn. Ó gbé e ti ilẹ̀kùn, ó mi orí, ó tún un pò. "Ọ̀dà tútù, òpùrọ́ ni," ló ń wí. Nígbà tó parí, a ò mọ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Ìyá àgbà dé, ojú rẹ̀ kọjá lára ilẹ̀kùn, ó wọlé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń nu ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó pe bàbá mi.

"Àlàbí, ibí yìí ni Àjàní máa ń gbé apá lé tó bá ń kí mi. Ó rí gbágungbàgun tẹ́lẹ̀. Ta ló mú kó jọ̀lọ̀?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá mi."

"Inú ò bí mi." Ó fún omi aṣọ náà dànù. "Wá ẹni tí yóò máa wà á. Ọkọ̀ tó ti gba àtúnṣe, ti alààyè ni."

Awakọ̀ kan láti Lánlátẹ̀ ló wá gbé e. Ìyá àgbà kò jáde síta.

Lónìí, àwọn akunkọ̀ sọ pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn wá àwọ̀ ọ̀dà tó bá ti ọkọ̀ mu, kì í sì í ṣì í. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ládùúgbò mi tó máa ń sá aṣọ ọmọ rẹ̀ olóògbé sóòrùn, tí kò jẹ́ fọ̀ ọ́ kí àmì ara ọmọ náà má bàa parẹ́. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń rọra rìn.